TRAMADOL: ÀMÌ EWU TÓ YẸ KÍ GBOGBO ỌLỌ́JÀ MỌ̀

 

Iṣẹ́ tí à ń ṣe kì í ṣe kékeré. Láti ìdájí la ti ń gbé ẹrù. Àwọn kan ń ti Èsìẹ́ ná ọjà Òmù-Àrán, àwọn mìíràn ń bá ọjà dé Ìlọrin. Tó bá fi máa dalẹ́, ìbàdí ń ro, orúnkún ń dunni. Ibẹ̀ ni ẹnìkan á ti sọ pé, "Ẹ lo tramadol kan, ara yín á yá gágá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ká sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Tramadol kì í ṣe májèlé. Ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló ṣe é, ọdún 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á níbẹ̀. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún tàbí ẹni tí egungun rẹ̀ kán. Ṣùgbọ́n kì í fúnni lágbára o. Ńṣe ló ń pa ìrora mọ́lẹ̀ nínú ọpọlọ, kí a má bàa gbọ́ igbe tí ara ń ké.

Èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí kò kọjá 100 miligíráàmù. Àmọ́ 200, 225 àti 250 kún ìgboro, àwọn onífàyàwọ́ ló ń kó o wọlé. Àgbàlagbà tí dókítà kọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ lò ju 400 lọ lójúmọ́ kan. Ẹ ṣírò ó wò: hóró méjì péré nínú 225 ti kọjá ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2019 sọ pé mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ló lo tramadol, codeine àti irú wọn lọ́dún kan láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó.

ÀMÌ TÍ KÒ TÍÌ LE

Òòyì, èébì, oorun kíkùn, ẹnu gbígbẹ, ìgbẹ́ tí kì í fẹ́ wá. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, ẹ má gun ọ̀kadà, kí ẹ sì padà lọ sọ fún dókítà.

ÀMÌ EWU

Bí ara bá ń yún ẹni tó lò ó, tí ojú, ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá ń gbọ̀n bí onígìrì.

Èyí tó burú jù ni oorun àìjí. Ẹ pè é, kò dáhùn. Ẹ jì í, kò mira. Ó ń hanrun lọ́nà tí kò dáa, èémí rẹ̀ kò tó mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, dúdú àárín ojú rẹ̀ kéré tíntìntín, ètè àti èékánná rẹ̀ dà bí eérú. Ẹ má sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó sùn, á jí." Ọ̀pọ̀ ò jí mọ́.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí èébì má bàa há a lọ́fun. Ẹ wá mọ́tò kíá. Ẹ mú páálí oògùn náà dání. Bí kò bá mí mọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kó dì í nímú, kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní abẹ́rẹ́ kan, naloxone, tó lè dá èémí padà.

Ẹ má rọ epo pupa, mílíìkì tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Ẹ má da omi lé e lórí. Bó bá ń gbọ̀n, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì dì í mọ́lẹ̀. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí ni.

KÁ TÓ DÉBẸ̀

Tramadol pẹ̀lú ọtí, paraga tàbí oògùn oorun, ikú ni. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó, ó ń bá ọmú dé ara ọmọ. Bí ìbàdí bá ń ro wá, ká sinmi, ká fi omi gbígbóná jó o, ká lọ sílé ìwòsàn bí kò bá lọ.

Ẹni tó ti di bárakú fún, bóyá ọmọ wa tó ń gun ọ̀kadà tàbí alábàárù tó ń gbé ẹrù wa, ẹ má ṣe é lẹ́sín. Kó má sì já a lẹ́ẹ̀kan náà: ara á máa ro ó, òógùn á máa bò ó, oorun á dá. Dókítà ló lè bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà á lábẹ́ igbá, èrè yẹn ò tó owó pósí. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọjà á tà o.