Ìmóríyá Láìsí Àfojúsùn Pàtó: Àkíyèsí láti Gáréèjì Ìwó Road, Ìbàdàn

Ó ti mọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ lára láti ka àfojúsùn sí orísun ìmóríyá. Èrò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ Locke àti Latham (1990), tí wọ́n fi hàn pé àfojúsùn tó ṣe pàtó, tó sì le díẹ̀, ń mú iṣẹ́ dára ju kí a kàn ní kí ènìyàn sa ipá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní irú àfojúsùn bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ NCE pọ̀ tó jẹ́ pé yunifásítì ni ọkàn wọn wà tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ olùkọ́ kò sì sí nínú èrò wọn rárá.

Wọ́n tilẹ̀ lè gba àfojúsùn lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n pè ní ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kún un, wọ́n fi méjìlá kún un, wọ́n tún fi mẹ́rin kún un; nígbà tí oṣù Kẹjọ ń parí lọ, wọn kò dá ọjọ́ mọ́. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fi ọkàn sí ọjọ́ ìdánwò pàdánù ọjọ́ náà léraléra. Títún ọjọ́ dá báyìí a máa tánni ní sùúrù ju kí ọjọ́ má tilẹ̀ sí lọ.

Ìwó Road, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà Ifẹ̀ àti ọ̀nà Ìwó ti pàdé, ní ẹ̀kọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gáréèjì, awakọ̀ tó ń dúró de èrò kò lè sọ aago tí yóò gbéra, nítorí ọkọ̀ kì í lọ àfi tí ó bá kún. Síbẹ̀ kì í padà sílé. Ìtò ni ó dì í mú: ó mọ iye ọkọ̀ tí ó wà níwájú tirẹ̀. Bí ó bá kàn án, ó ń ka èrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tó wọlé sì jẹ́ ẹ̀rí pé nǹkan ń sún síwájú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nítòsí tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà. Lóòótọ́, awakọ̀ mọ ìlú tó ń lọ. Àkókò ni kò mọ̀. Àfiwé náà kò pé tán, àmọ́ ó fi ohun tó ń gbé ènìyàn ró lójoojúmọ́ hàn.

Deci àti Ryan (2000) ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni ọkàn ń béèrè kí ìmóríyá tó wá láti inú: òmìnira láti yàn, ìmọ̀lára pé ọwọ́ ẹni ká iṣẹ́, àti àjọṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó pọn dandan kó dúró de ọjọ́ iwájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gáréèjì ní méjì tó kẹ́yìn dáadáa. Ti òmìnira kò tó nǹkan níbẹ̀.

Èsì iṣẹ́ Kanfer àti Ackerman (1989) tún wúlò fún olùkọ́ ju èyí lọ. Wọ́n fún àwọn tó ń gba ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ àfarawé dídarí ọkọ̀ òfurufú. Àwọn tí wọ́n fún ní àfojúsùn pàtó nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì ṣàjèjì sí wọn ni kò ṣe dáadáa tó, torí àfojúsùn ti gba lára ọkàn tí wọn ìbá fi kọ́ iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró níwájú kíláàsì fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wọn mọ̀ sí TP, wà ní irú ipò yìí. Olùbẹ̀wò tí ó bi í léèrè ibi tó fẹ́ wà ní ọdún mẹ́wàá sí i di ẹrù kún ẹrù rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ wo ló mọ ohun kan lónìí tí kò mọ̀ lánàá, báwo ni ó sì ṣe mọ̀ ọ́n?