Ta ló ni tablet àlòkù tí ẹ fẹ́ rà fún àwọn ọmọ yín?

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà, owó ẹ̀rọ tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Àlòkù ni wọ́n ń wá. Bó ṣe rí lórí mọ́tò àti fìríìjì náà ló rí lórí tablet.

Kì í ṣe afẹ́ lásán. Tablet kan ṣoṣo lè gba iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, ìdánrawò fún ìdánwò JAMB tó ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015, fíìmù ọjọ́ ìsinmi, àti ìpè fídíò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tó wà ní London. Kì í jẹ iná tó kọ̀ǹpútà, páwá báńkì sì lè gbé e ró bí iná bá lọ. Ó tún ń gba fóònù òbí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, bóyá èyí gan-an sì ni ìdí àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 2013, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ tó dùn létí ju èyí tí òyìnbó sọ ọ́ lọ.

Ní Computer Village n'Íkẹjà, ní ọjà Alaba, tàbí ní agbègbè Circle nílùú Accra, iye owó àti bóyá ojú rẹ̀ ti sán ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ: ta ló ni ẹ̀rọ yìí tẹ́lẹ̀, ṣé onítọ̀hún sì ti yọwọ́ nínú rẹ̀?

Àgádágodo tí ojú kò rí

Láti ọdún 2013 ni Apple ti fi ohun kan sínú iPad tó ń de ẹ̀rọ mọ́ àkáǹtì ẹni tó ni ín. Google ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ Android lọ́dún 2015. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá jí ẹ̀rọ náà, tó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ẹ̀rọ á ṣì béèrè ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà olówó rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, gíláàsì lásán ló gbé dání.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àgádágodo yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó fi owó àjọ ra ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án gangan.

Èyí tó tún máa ń bá èèyàn lójijì ni ti ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́. Lásìkò àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ra tablet fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, wọ́n sì ń darí wọn láti ọ́fíìsì. Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá yọ nọ́ńbà irú iPad bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Apple kó tó tà á, "Remote Management" ni yóò máa kọ sójú ẹ̀rọ náà nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà lọ́jà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó kọjá. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, á tún ṣiṣẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa inú rẹ̀ rẹ́ kí ẹ lè tún un tò, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò dé rí á yọ sójú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ gba tablet tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè yín. Ẹ ní kí òǹtajà pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ níṣojú yín, kó so ó pọ̀ mọ́ Wi-Fi, kó sì tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi ṣí pátápátá láìbéèrè orúkọ ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá ní Wi-Fi ní sọ́ọ̀bù, ẹ fi dátà fóònù yín ṣe é. Ó lè gba àkókò díẹ̀, oòrùn Ìkẹjà sì lè mú, ṣùgbọ́n òǹtajà tó bá ní òun kò ráàyè, tàbí tó ní "ẹ má ṣèyọnu, ọmọ wa á bá yín ṣe é tó bá yá", ti dá yín lóhùn.

Ìbejì tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Ojú lásán kò tó ó wò, àpẹẹrẹ iPad méjì sì fi èyí hàn. iPad Air jáde lọ́dún 2013, iPad ìran karùn-ún jáde lọ́dún 2017. Gígùn wọn, fífẹ̀ wọn àti nínípọn wọn dọ́gba. Ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì, ẹ ó ní ìbejì ni.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ti ọdún 2013 ní àmì igun mẹ́rin kékeré láàárín, nígbà tí ti ọdún 2017 ní òrùka irin yíká, ó sì ń ka ìtẹ̀ka. Ẹ yí ẹ̀yìn wọn, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ibẹ̀: A1474 ni iPad Air tó ń lo Wi-Fi nìkan, A1822 ni ti ọdún 2017. iOS 12 ni Apple bá ti àkọ́kọ́ dé, ó sì bá ìkejì dé iPadOS 16. WhatsApp tí wọ́n ṣe fún iPad lọ́dún 2025 kò lè wọ inú ti ọdún 2013 rárá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ áàpù tí àwọn olùkọ́ ń ní kí ọmọ gbé sórí ẹ̀rọ. Owó tí kò pọ̀ lè wà láàárín méjèèjì lọ́jà, àmọ́ ọ̀kan ti darúgbó kí ẹ tó gbé e délé.

Ní ti Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About tablet, kí ẹ wo irú Android tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn. Àwọn Amazon Fire tó ń ti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wá kì í wọ́n, wọ́n sì dára fún ọmọ kékeré tó kàn fẹ́ wo fíìmù, ṣùgbọ́n wọn kò ní Play Store ti Google. Èyí tó bá sì ń gba síìmù, ẹ fi síìmù tiyín sí i kí ẹ tó sanwó, nítorí wọ́n lè ti tì í mọ́ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan lókè òkun.

"UK used" kò sọ bó ṣe rí

"UK used" ní Èkó tàbí "home used" ní Accra ń sọ ibi tí ọjà ti wá ni, kò sọ ìlera rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ Basel Convention fún Áfíríkà tó wà n'Íbàdàn gbé jáde lọ́dún 2018, bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ "refurbished" náà ní tirẹ̀. Apple ń ta iPad tó tún ṣe fúnra rẹ̀ láwọn orílẹ̀-èdè kan, ó máa ń fi bátìrì tuntun àti ara tuntun sí i pẹ̀lú ìdánilójú ọdún kan. Ní ọjà wa, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà ní kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, nítorí náà kì í ṣe àfojúdi láti béèrè ohun tí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀.

Bátìrì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé tablet lélẹ̀ lórí ohun tó tẹ́jú: bí ó bá ń mì, tàbí tí gíláàsì rẹ̀ ti ń gbéra níbì kan, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, torí bátìrì tó wú lè gbiná, àwọn ọmọ ló sì máa gbé e sùn.

Bí ọjà bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ̀rọ náà àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà. Nílé, ẹ lè fi Family Link ti Google tàbí Screen Time ti Apple ṣọ́ ohun tí ọmọ ń wò àti wákàtí tó ń lò nídìí rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Kí ímeèlì tí ẹ máa fi ṣí i jẹ́ ti òbí, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó bá yín tò ó ní sọ́ọ̀bù. Bí tirẹ̀ bá wà níbẹ̀, òun ló ni àgádágodo yẹn.