Orírun Èdè Málítà: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Ń Sọ àti Ohun Tí Gírámà Ń Sọ

Ẹni tó bá ti ka ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ erékùṣù Málítà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé Pọ́ọ̀lù fọ́ sí. Lédè Gíríìkì tí a fi kọ ìwé náà, barbaroi ni a pe àwọn tó gbà á lálejò níbẹ̀, ìtumọ̀ èyí kò sì ju pé wọn kì í sọ èdè Gíríìkì lọ. Èdè wo wá ni wọ́n ń sọ? Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé èdè Púníìkì ni, ìyẹn èdè àwọn ará Fòníṣíà tó tẹ Kátéèjì dó. Títí dé ibẹ̀, kò sí ìjà. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Málítà sọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé èdè Púníìkì yẹn náà ni àwọn ṣì ń sọ nílé àti lọ́jà, pé kò kú rárá. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé bí a ṣe mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Málítà kéré. Ó wà láàárín Sísílì àti etíkun Àríwá Áfíríkà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ju ìdajì mílíọ̀nù àti díẹ̀ lọ. Ní ọdún 870 ni àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí tó ń ṣàkóso Tùnísíà òde òní gbà á. Òǹkọ̀wé Lárúbáwá kan, al-Himyari, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogun náà sọ erékùṣù náà di ahoro, àti pé ọ̀rúndún kọkànlá ni àwọn ènìyàn tó padà tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò tí ì fẹnu kò lórí bí ahoro náà ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èdè kò tako al-Himyari: kò sí ohun gbòógì kan nínú gírámà èdè Málítà tí a lè nàka sí pé èdè àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Ní 1091 àwọn Nọ́mánì dé láti Sísílì, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Kírísítẹ́nì. Wọn kò lé àwọn Mùsùlùmí lọ lójú ẹsẹ̀; ọ̀rúndún kẹtàlá, lábẹ́ Ọba Frederick Kejì, ni èyí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kù nílẹ̀ di ọmọ Ìjọ Àgùdà. Ẹ̀sìn yí padà, èdè kò yí.

Ibi yìí ni ọ̀nà èdè Málítà ti yà kúrò ní ti àwọn ẹ̀ka-èdè Lárúbáwá yòókù. Ní Tùnísíà, ní Íjíbítì, ní Síríà, èdè ilé kò dá wà. Èdè Àlùkùránì àti ti ìwé wà lókè rẹ̀, òun ni a fi ń kọ̀wé, òun ni a fi ń kírun, inú rẹ̀ náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fa ọ̀rọ̀ tuntun yọ. Òjìji yìí kúrò lórí ará Málítà. Látìnì ni èdè ìsìn wọn, èdè Sísílì àti ti Ítálì sì ni èdè ilé ẹjọ́, ti òwò àti ti ìwé. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ fún òfin, fún iṣẹ́ ọnà, fún èrò inú tó jinlẹ̀, òkè òkun ti Sísílì ni wọ́n ń yá a láti. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè Málítà fi pọ̀ láti Ítálì tó bẹ́ẹ̀. Nínú nǹkan bí 41,000 ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ ńlá ti Joseph Aquilina, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá láti èdè Sísílì àti Ítálì, ìdá 32 láti Lárúbáwá, ìdá 6 láti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá dúró lórí iye yìí nìkan yóò sọ pé ọmọ ìyá èdè Ítálì ni Málítà. Àwọn olóṣèlú sì sọ bẹ́ẹ̀, a ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí a kọ́kọ́ wo gírámà ná.

Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, k-t-b, ló gbé èrò kíkọ nǹkan dání. Bí a ti ń pààrọ̀ àwọn fáwẹ́lì tó wà láàárín wọn ni ìtumọ̀ ń yí: kiteb ni 'ó kọ', ktieb ni 'ìwé', kotba ni 'àwọn ìwé', kittieb ni 'òǹkọ̀wé', miktub sì ni 'èyí tí a kọ'. Báyìí ni èdè Lárúbáwá àti Hébérù ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Èdè Ítálì kì í ṣe é. Òótọ́ ni pé èdè Púníìkì náà ń ṣe é, nítorí inú ẹbí kan náà ló ti wá. Nítorí náà, gbòǹgbò kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta nìkan kò tó láti parí ìjà. Ohun tó parí rẹ̀ kéré sí i. Ní èdè Málítà, nikteb ni 'mo ń kọ', niktbu sì ni 'a ń kọ'. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ n- wà fún ẹni kìíní ẹyọ, ó sì wà fún ẹni kìíní ọ̀pọ̀. Nínú èdè Lárúbáwá ti ìwé, aktubu ni ti ẹyọ, naktubu ni ti ọ̀pọ̀. N- kò sí nínú ti ẹyọ. Àwọn ẹ̀ka-èdè Lárúbáwá ti ìwọ̀-oòrùn, láti Líbíà títí dé Mòrókò, ni wọ́n ń fi n- sí méjèèjì. Èyí ju ìjọra ẹbí lọ. Ó tọ́ka sí agbo ilé kan pàtó nínú ẹbí náà.

Ohun tí gírámà yìí ṣe sí àwọn ọ̀rọ̀ àyálò tún wú mi lórí ju èyí lọ. Kamra, 'yàrá', láti èdè Sísílì ló ti wá, ṣùgbọ́n 'àwọn yàrá' ni kmamar. Serp ni 'ejò', sriep ni 'àwọn ejò'. Ballun ni 'bọ́ọ̀lù', blalen ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. A tú inú ọ̀rọ̀ àlejò ká, a sì tún un tò ní ìlànà Lárúbáwá, bí ẹni pé inú ilé ni a bí i sí. Gẹ̀ẹ́sì náà kò bọ́: ẹni tó ń páàkì ọkọ̀ yóò ní nipparkja, bí wọ́n bá pọ̀ wọ́n á ní nipparkjaw. N- yẹn náà ló tún wà níwájú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ lè wọlé láti ibikíbi. Ẹni tó ń gbà á lálejò ni yóò pinnu ibi tí yóò jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ ìsìn wọn ni yóò kọ́kọ́ ya Yorùbá lẹ́nu. Àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà wọ̀nyí ń pe Ọlọ́run ní Alla. Àwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde ni wọ́n ń pè ní Randan, ọ̀rọ̀ tó wá láti ara Ramadan. Ọdún Àjíǹde fúnra rẹ̀ ni l-Għid, ọ̀rọ̀ kan náà tí Mùsùlùmí fi ń pe ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni il-Ġimgħa, ọjọ́ ìpéjọ, ọjọ́ tí a kan Jésù mọ́ àgbélébùú sì ni il-Ġimgħa l-Kbira, 'Jímọ̀ Ńlá'. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo Jímọ̀ níbí, nítorí orísun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Kò sì yẹ kí èyí ya àwa náà lẹ́nu púpọ̀: nínú Bíbélì Yorùbá, àlùfáà ló ń rúbọ, àdúrà ni a ń gbà, oníwàásù ló ń wàásù, láti Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti rìn wá sọ́dọ̀ wa, àwọn kan gba ilẹ̀ Haúsá kọjá. Kò sẹ́ni tó lè tìtorí èyí sọ pé ẹ̀ka Lárúbáwá ni Yorùbá. Ìyàtọ̀ àwa àti Málítà nìyí: tiwa jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, tiwọn jẹ́ ọ̀rọ̀ àti egungun tó gbé e dúró.

Bí ẹ̀rí bá ti hàn tó báyìí, kí ló dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi kọ̀ ọ́? Ní 1750 Agius de Soldanis tẹ gírámà jáde ní Róòmù, ó sì pè é ní gírámà èdè Púníìkì tí ará Málítà ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Mikiel Anton Vassalli, tí a ń pè ní baba èdè Málítà, gba ọ̀nà kan náà nínú gírámà tirẹ̀ ní 1791. Àwọn méjèèjì kì í ṣe òpè. Àsìkò àwọn Jagunjagun Ìjọ Jòhánù Mímọ́ ni. Ẹgbẹ́ yìí ló ń ṣàkóso erékùṣù náà láti 1530, ìdí tó sì fi wà ni láti bá àwọn Mùsùlùmí jà lójú òkun. Lábẹ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé èdè ọ̀tá ni èdè ìyá òun? Fòníṣíà ti pẹ́, ó níyì, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà mọ́. Òkúta méjì tí a kọ Fòníṣíà àti Gíríìkì sí tún ti hú jáde ní Málítà, àwọn ni onímọ̀ Faransé, Jean-Jacques Barthélemy, lò láti ka àkọtọ́ Fòníṣíà ní 1758. Ẹ̀rí pé Fòníṣíà ti gbé ibẹ̀ rí wà nílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rí pé èdè wọn kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ní 1810 ni Wilhelm Gesenius, onímọ̀ Hébérù ará Jámánì, fi gírámà hàn pé Lárúbáwá ni. Síbẹ̀ èrò Fòníṣíà kò kú. Ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kò fẹ́ kí a ka Málítà mọ́ Ítálì tún gbé e dìde. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá mọ irú nǹkan báyìí. Nígbà tí J. Olumide Lucas tẹ The Religion of the Yorubas jáde ní 1948, ìjọra ọ̀rọ̀ ló fi so wá mọ́ Íjíbítì àtijọ́. Èrò mi ni pé a tètè máa ń bi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bóyá òótọ́ ni, a kì í sì í bi í tó nípa irú iyì tó ń wá, àti lójú ta ni. Ó yẹ kí a béèrè méjèèjì, kí a má sì fi ọ̀kan dáhùn èkejì.

Vassalli jìyà fún ìfẹ́ èdè àti ti òmìnira rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ọ̀tẹ̀ sí àwọn Jagunjagun ní 1797, ó sá kúrò lẹ́wọ̀n, ó sì lo nǹkan bí ogún ọdún ní ìgbèkùn. Ó padà ní 1820, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Málítà àkọ́kọ́ ní yunifásítì ibẹ̀ ní 1825, ó sì kú ní 1829. Ìtẹ́ òkú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n sin ín sí, nítorí Ìjọ Àgùdà kò gbà á.

Ìjà tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti orírun mọ́ bí kò ṣe ti ipò. Títí di 1934, èdè Ítálì ni èdè ilé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ìjọba. Àwọn amòfin àti àlùfáà tẹ̀ lé Fortunato Mizzi, lẹ́yìn náà ọmọ rẹ̀ Enrico, láti dáàbò bo èdè Ítálì. Àwọn alátìlẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì gbé èdè Málítà lárugẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn torí kí èdè Ítálì lè wó. Ìfẹ́ kọ́ ló gbé e dépò, ìdíje láàárín alágbára méjì ni. Ṣùgbọ́n bí àyè náà ti ṣí, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti múra sílẹ̀: wọ́n dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní 1920, wọ́n sì tẹ ìwé àkọtọ́ jáde ní 1924, lẹ́tà Látìnì pẹ̀lú àmì, bí ċ, ġ, ħ àti ż. Wọ́n fi għ sínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í pè é mọ́, torí pé kọ́ńsónáǹtì gbòǹgbò ni: bí o bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìbátan kò ní jọra lójú ìwé mọ́. Ìjọba gba àkọtọ́ náà ní 1934, ọdún kan náà tí èdè Málítà dépò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí bọ́ǹbù Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ẹnu àwọn alátìlẹ́yìn Ítálì wọhò. Ní 1942, wọ́n kó Enrico Mizzi àti àwọn mìíràn lọ sí Ùgáńdà láìṣe ìgbẹ́jọ́ kankan. Ó padà, ó sì di olórí ìjọba ní 1950.

Ohun kan ṣì dé lẹ́yìn ìgbà tí ìjà ti rọlẹ̀. Ní 1966, Godfrey Wettinger àti Mikiel Fsadni rí ewì ológún ìlà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn amòfin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Pietru Caxaro, tó kú ní 1485, ló kọ ọ́, òun sì ni ohun tó pẹ́ jù tí a mọ̀ tí a fi èdè yìí kọ. Èdè inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Lárúbáwá pátápátá, ọ̀rọ̀ Sísílì kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ítálì tó kún inú ìwé atúmọ̀ lónìí, lẹ́yìn Caxaro ni púpọ̀ nínú wọn wọlé.

Òfin 1964 sọ Málítà di èdè orílẹ̀-èdè, ní 2004 ó sì di èdè àjùmọ̀lò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn atúmọ̀ kò tó, nítorí náà a sún ojúṣe títúmọ̀ ìwé òfin gbogbo síwájú di 2007. Láti ìgbà náà ni ìwé òfin Málítà ti ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń rí nǹkan kọ́. Iṣẹ́ tó kù sọ́rùn ìgbìmọ̀ èdè tí a dá sílẹ̀ ní 2005 ni àkọtọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ṣé kí a kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ ọ́, tàbí kí a kọ ọ́ bí ará Málítà ṣe ń pè é? Wọ́n ti ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ lórí ìyàtọ̀ àkọtọ́ ní 2008. Lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àríyànjiyàn kò tí ì tán.