Pípààrọ̀ Orúkọ Ìsokọ́ra Aláìlówáyà Inú Ilé: Àkíyèsí Lórí Èdè-Ìperí

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí a ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni a ti ń rí àpótí kékeré kan tí iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní rúta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìgbì rédíò so fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀, kí ó sì tọ́ wọn sí ọ̀nà ayélujára. Ìlànà tí ó ń tẹ̀lé, èyí tí a fún ní nọ́ńbà 802.11, ti wà láti ọdún 1997. Nínú ìlànà yìí, SSID ni orúkọ tí ń hàn lójú fóònù nígbà tí a bá ń wá ibi tí a ó ti wọlé. Pípààrọ̀ orúkọ náà kò le. Bí a ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá tí kò ní ṣi ẹni tí ń kà á lọ́nà ni ó gba àròjinlẹ̀.

"Orúkọ rúta" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí, ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í ṣe ti àpótí. Bí rúta bá bàjẹ́, tí onílé ra òmíràn, tí ó sì fún un ní orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà àti irú ààbò ti àtẹ̀yìnwá, àwọn fóònù ilé yóò wọlé bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Rúta mẹ́ta nínú ilé ńlá kan lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Rúta kan sì lè gbé orúkọ méjì, ọ̀kan fún ará ilé, èkejì fún àlejò. "Àmì ìdánimọ̀", tí ó jẹ́ ìtumọ̀ tààrà, kò yẹ bákan náà, nítorí pé ó ṣèlérí ju ohun tí ó lè ṣe lọ. Ẹnikẹ́ni ní àdúgbò lè sọ ìsokọ́ra tirẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn, ọgbọ́n yìí sì ni àwọn oníjìbìtì ń lò láti fi tan àwọn arìnrìn-àjò. Táyé pọ̀ nígboro. "Orúkọ ìsokọ́ra" ni ó bá a mu jù.

Orúkọ tí ó ti ilé iṣẹ́ bá rúta wá ńkọ́? Yorùbá ti pín orúkọ sí àmútọ̀runwá, àbísọ àti àlàjẹ́. Láti ara àmútọ̀runwá ni a ti lè fa "orúkọ àmúwá" yọ fún un. Ìyàtọ̀ yìí ní èrè. Nínú ìlànà ààbò WPA2, tí ó jáde ní 2004, orúkọ ìsokọ́ra ni a ń pò mọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí a sì ń ṣe ìṣirò lé e lórí ní ìgbà 4,096 kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde. Bí ẹgbàágbèje rúta bá ń jẹ́ orúkọ àmúwá kan náà, olè lè ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé. Pípààrọ̀ orúkọ a máa sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di asán, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò lágbára di alágbára.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gùn. A ó ṣí ojú-ewé ìṣàkóso rúta, tí àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1; a ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó wọlé (ó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ aṣínà ìsokọ́ra, olùtumọ̀ kò sì gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀); a ó pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, a ó kọ tuntun. Àwọn ẹ̀rọ tí ń lo orúkọ àtijọ́ yóò já kúrò, a ó sì tún so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bọ́tìnnì ìkẹyìn ni ewu wà. Yorùbá tí a ń kọ sójú ẹ̀rọ sábà máa ń lo "fi pamọ́" nígbà tí a bá ní kí ẹ̀rọ tọ́jú ohun tí a kọ. Lójú-ewé kan náà, ibìkan wà tí a ń fàmì sí kí rúta má baà kéde orúkọ náà mọ́, "fi orúkọ pamọ́" ni ẹnu yóò sì tètè wí fún èyí náà. Bí ọmọ kan bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń tọ́ ìyá rẹ̀ sọ́nà ní Ìbàdàn lórí fóònù, tí ó ní, "Ẹ fi orúkọ náà pamọ́, Màmá," èwo nínú méjèèjì ni kí ìyá tẹ̀? Bí ó bá ṣi í tẹ̀, orúkọ yóò pòórá lójú fóònù gbogbo, yóò sì dà bí ẹni pé rúta ti kú.

Ìpamọ́ yẹn gan-an kì í sì í ṣe ìpamọ́. Rúta kàn dákẹ́ ni. Nígbà tí fóònù bá fẹ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ yóò pe orúkọ náà jáde ní gbangba, ẹni tí ó bá ní ohun èlò tí ń tẹ́tí sí ìgbì yóò sì gbọ́. Fóònù bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè máa pe orúkọ ilé kiri níbikíbi tí a bá gbé e dé. Nítorí náà, "tọ́jú" ni ó yẹ fún èkíní, "má kéde" fún èkejì: "má kéde" sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, kò sì ṣèlérí àṣírí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan akọ̀wé Yorùbá ní pàtàkì. Ìlànà 802.11 kò gba orúkọ tí ó ju báìtì 32 lọ. "Odede Ore Mi" kò gbà ju báìtì 12, lẹ́tà mẹ́wàá àti àlàfo méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ bí ó ti tọ́, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀rẹ́ Mi", lábẹ́ ètò UTF-8, fáwẹ́lì márùn-ún tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ yóò gba báìtì márùn-márùn, orúkọ náà yóò sì pé 32 gẹ́lẹ́. Kò sí àyè fún lẹ́tà kan sí i.

Ètò tí kíbọ́ọ̀dù gbà to àmì tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tí ó kọ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e yóò lo báìtì 5. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí è, tí ó wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò lo 4. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú fóònù, tí ń fi báìtì wé báìtì, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Onílé tí ó ra rúta tuntun, tí ó fi kíbọ́ọ̀dù mìíràn tún orúkọ àtijọ́ kọ, lè rí i pé kò sí fóònù kan tí ó mọ ilé mọ́. Títí àwọn tí ń ṣe kíbọ́ọ̀dù yóò fi fẹnu kò sórí ètò kan, orúkọ aláìlámì ni ó ṣe é gbára lé lórí rúta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ tí ń gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn yóò lọ́ra láti gbà bẹ́ẹ̀.