Òṣùwọ̀n Ta Ni A Fi Wọn Yekini?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, lọ́jà, ẹni tí ó ni òṣùwọ̀n ni í sọ bí ẹrù ti pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ́dún ní Áfríkà rí.

Ní 1970, France Football, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Faransé, ni ó dá oyè náà sílẹ̀. Salif Keita ọmọ Mali ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ó di 1992 kí CAF, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù Áfríkà, tó gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀.

Ní 1993, òṣùwọ̀n méjèèjì kò bára mu. Àwọn Faransé mú Abedi Pele ọmọ Ghana. CAF mú Rashidi Yekini. Títí wọ́n fi pa ti Faransé tì, ọmọ Nàìjíríà kankan kò gbà á rí.

Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ilorin, nítorí Ira, níbi tí a sin Yekini sí ní 2012, wà ní Kwara wa níbí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí á máa yẹ́ ọmọ wa sí kí àlejò tó yẹ́ ẹ sí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.