Owó Ibodè ní Lọ́ńdọ̀nù: Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

 Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu wa nígbàkúùgbà tí a bá péjọ: owó tí wọ́n ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tó bá wa mọ́tò wọ àárín ìlú. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ rẹ̀, ariwo á sọ. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ wọn ń wa takisí yóò ní ìrẹ́jẹ pátápátá ni. Àwọn tí kò ní ju ẹsẹ̀ wọn àti bọ́ọ̀sì lọ yóò ní ó dára bẹ́ẹ̀. A rò pé ó yẹ kí a to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ létòlétò, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ́ nípa ọ̀nà, ìlú àti ìṣúná owó, tí a ó sì padà sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wá léèrè bí a ó ṣe tú gosiló Èkó ká, kí la ó wí?

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Èrò yìí ti pẹ́. Ní 1964, ìgbìmọ̀ kan tí Reuben Smeed jẹ́ alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé ó ṣeé ṣe láti máa gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà tó bá há. Ìjọba gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, nítorí pé onímọ́tò náà ń dìbò. Singapore ló kọ́kọ́ gbójúgbóyà ní 1975. Lọ́ńdọ̀nù kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2003, nígbà tí Ken Livingstone jẹ́ olórí ìlú. £5 ni ọjọ́ kan nígbà náà. Ó di £8 ní 2005, £10 ní 2011, £11.50 ní 2014, £15 ní 2020, ó sì di £18 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026.

Kò sí géètì, kò sí oníbodè tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹni tó bá wọlé láìsan, ìwé ìtanràn tó ju £100 lọ ni yóò bá a nílé. Bọ́ọ̀sì kì í san, takisí dúdú kì í san. Àwọn takisí tí a ń fi tẹlifóònù pè kì í san tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin 2019 ni wọ́n ti gba àǹfààní náà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ènìyàn wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń bọ́ ọmọ nìyẹn.

Ní oṣù kan náà ni owó kejì dé, èyí tí wọ́n ń pè ní ULEZ. Èyí kò ka gosiló sí. Èéfín ló ń bá jà. Mọ́tò àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ bá ju òdiwọ̀n lọ ń san £12.50 lójúmọ́. Àárín ìlú nìkan ló wà ní 2019. Ó gbòòrò sí i ní 2021. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, lábẹ́ Sadiq Khan, ó kárí gbogbo àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù. Inú bí àwọn kan débi pé wọ́n ń gun òpó lóru láti gé wáyà kámẹ́rà.

Ohun tí àwọn tó fara mọ́ ọn ń wí

Àwọn tó fara mọ́ owó yìí ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro láti já nírọ́. William Vickrey, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996, ti ń wí i láti àwọn ọdún 1950. Kókó rẹ̀ ni pé kò sí ojú ọ̀nà ọ̀fẹ́ níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀ jù. Bí a kò bá fi owó san án, àkókò la ó fi san án. Ẹni tó jókòó fún wákàtí méjì nínú gosiló ti san owó ibodè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí owó náà gbà. Ó ti ṣègbé. Bí ó bá jẹ́ owó gidi ló san, ẹnì kan yóò gbà á, a ó sì lè fi ra bọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò dá ara rẹ̀ nìkan dúró. Bọ́ọ̀sì tó kó ọgọ́ta ènìyàn lè wà lẹ́yìn mọ́tò márùn-ún tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan péré wà nínú wọn, kí àwọn márùn-ún náà sì dá ọgọ́ta dúró.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí a rí lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Iye ọkọ̀ tó ń wọ àárín ìlú dín kù ní nǹkan bí 18 nínú 100, ìdádúró lójú ọ̀nà sì dín kù ní nǹkan bí 30 nínú 100. Òfin sì ti là á kalẹ̀ pé èrè tó bá kù nínú owó náà, ètò ìrìnnà ni kí wọ́n ná an lé.

Ní ti èéfín, ikú ọmọ kan kò jẹ́ kí a lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ella Adoo-Kissi-Debrah jẹ́ ọmọ ọdún 9, ó ń gbé ní Lewisham nítòsí ọ̀nà South Circular tí ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀. Ikọ́ fée ló pa á ní 2013. Ní oṣù Kejìlá 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé èéfín inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa á. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ló ń gbé ní ẹ̀bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé ti rọjú, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú yàrá wa.

Ohun tí àwọn tó kọ̀ ọ́ ń wí

Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ ọ́ náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n ní £18 lọ́wọ́ ọ̀gá báǹkì kì í ṣe £18 kan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Olówó yóò san, yóò sì dúpẹ́ pé wọ́n lé àwọn tálákà kúrò lọ́nà fún òun. Ní ti ULEZ, ta ló ń wa mọ́tò àtijọ́ bí kò ṣe ẹni tí kò lówó tuntun? Ẹ wo obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé ní etí ìlú. Ó lè dé ojúlé mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú, bọ́ọ̀sì sì lè pẹ́ kó tó dé ní ibi tó ń ṣiṣẹ́ sí. Owó àárín ìlú kì í ṣiṣẹ́ lóru, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni ULEZ ń gbà. Lóòótọ́, nígbà kan wọ́n ṣètò pé kí ẹni tó bá kó mọ́tò àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gba £2,000, ètò náà sì ti parí ní 2024, ṣùgbọ́n mélòó ni mọ́tò tó dára lọ́jà?

Wọ́n tún ní ọkọ̀ kò sáré títí. Láàárín ọdún bíi márùn-ún, ìdádúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ń hú ọ̀nà láti pààrọ̀ páìpù omi àti gáàsì, wọ́n sì fi apá kan ojú ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìbá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsí owó náà. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ èsì yìí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san £18 kò níí fẹ́ gbọ́ ọ.

Bọ́ọ̀sì ṣáájú, owó tẹ̀lé e

Lójú tiwa, ibi tí àríyànjiyàn yìí ti yẹ kó dúró kì í ṣe bóyá kí a gba owó tàbí kí a má gbà á. Kí ni wọ́n ti pèsè sílẹ̀ kí wọ́n tó na ọwọ́ gba owó? Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà kan, kó kọ́kọ́ la èkejì.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀ọ́dúnrún bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kún èyí tó wà nílẹ̀ nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Stockholm, olú ìlú Sweden, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kẹjọ 2005 ni wọ́n ti mú nǹkan bí igba bọ́ọ̀sì tuntun jáde, owó kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kìn-ín-ní 2006. Fún oṣù méje ni wọ́n fi dán an wò, wọ́n sì dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń bú u kó tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará ìlú ní àwọn fẹ́ ẹ, ó sì padà bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ẹ fi èyí wé Edinburgh ní 2005 àti Manchester ní 2008. Níbẹ̀, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò lórí ohun tí wọn kò tíì rí rí. Ní ìlú méjèèjì, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sọ pé àwọn kò fẹ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó wà ní New York náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí gba $9 lọ́wọ́ mọ́tò tó bá wọ ìsàlẹ̀ Manhattan, lẹ́yìn tí gómìnà ti kọ́kọ́ dá a dúró ní 2024. Àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń fi owó náà ṣe.

Ilé wa ńkọ́?

Owó ibodè kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé ni oníbodè ti ń jókòó sí ẹnubodè ìlú, tí alájàpá ń san owó kó tó kọjá. Ohun tí àwọn ènìyàn wa kì í gbà ni kí a gba owó lọ́wọ́ wọn láìsí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Nítorí owó orí wà lára ohun tó fa Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Nítorí owó orí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jáde ní 1947, tí Aláké fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Nítorí rẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ fi dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969.

Èkó náà ti dán oríṣiríṣi wò. Ní 1977, ìjọba ológun pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9 ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó kù ní ọjọ́ tirẹ̀. Kí ni olówó ṣe? Ó ra mọ́tò kejì. Ẹni tó ní ẹyọ kan ló jókòó sílé. Láteef Jákàńdè fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin sí àárín ìlú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Ogójì ọdún dín díẹ̀ ló kọjá kí ọkọ̀ ojú irin tó máa kó èrò láti Marina lọ sí Mile 2, ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Èyí tó ń lọ láti Agbado sí Oyingbo tẹ̀lé e ní 2024. Láàárín náà, bọ́ọ̀sì BRT ti dé láti 2008, láti Mile 12 dé CMS, ó sì fi hàn pé bí a bá ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, èrò yóò wọ̀ ọ́.

Ní Lẹ́kí, ọ̀nà yàtọ̀. Ìparí 2011 ni too-géètì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó níbẹ̀. Ìjọba ní ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ san. Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀nà náà kò tó nǹkan, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn. Kò sí ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, kò sí ọ̀nà BRT. Too-géètì yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí ní oṣù Kẹwàá 2020 tí sójà fi yìnbọn fún wọn. Ọlọ́pàá SARS ni wọ́n ń bá jà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe owó ọ̀nà. Síbẹ̀, láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè dárúkọ too-géètì ní Èkó kí ọkàn kan má gbọgbẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, iye epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó gòkè lónìí, bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣèlérí ń bọ̀ lọ́la.

Ohun tí a ó máa béèrè

Nítorí náà, bí a bá dé ilé tí wọ́n sì pè wá síbi tí a ti ń ṣètò irú owó báyìí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a gbé lọ. Èkíní, kí ni ẹni tí kò lè san yóò wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ danfó tó wà nínú gosiló kan náà, kí wọ́n dúró ná. Èkejì, ta ni yóò máa ka owó náà sí etí ìlú, pé báyìí ló wọlé, báyìí la ná an? Ẹ̀kẹta, ta ni a dá sí, kí sì nìdí rẹ̀? Aláàbọ̀ ara, ọkọ̀ aláìsàn àti bọ́ọ̀sì, ó yé wa. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ àwọn ìjòyè ìjọba pẹ̀lú fèrè ló ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ti wa níhìn-ín, kí á má fi àǹfààní tó wà nílẹ̀ ṣòfò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti pé ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba káàdì tó ń dín 30 nínú 100 kù lórí owó ọkọ̀ ọlọ́sẹ̀ tàbí olóṣù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá sì san owó bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan lè wọ òmíràn láìsan mọ́ láàárín wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti ra mọ́tò àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà rẹ̀ bóyá ULEZ yóò mú un, kí ẹ tó san owó.

A mọ̀ pé gbogbo yín kò níí gbà pẹ̀lú wa. Ẹ kọ èrò tiyín ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí tó ń wa takisí. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnu ẹni tó ń san án ni ó yẹ kí a ti gbọ́ bó ṣe rí.