Ìpinnu Àáké, Ìpinnu Ọ̀dà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Tayọ̀tayọ̀ ni a fi ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ ní Kétu, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìtàn ẹnu so ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ìlú wa. Ṣùgbọ́n kí ìran náà tó jáde, ìpinnu púpọ̀ ni a ti ṣe: ta ni yóò gbẹ́ igi, ta ni yóò rán aṣọ, ta ni yóò kọrin, kí sì ni orin náà yóò sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń darí iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ènìyàn kò níláti lọ jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbẹ́gilére. Àlùfáà Kevin Carroll, ẹni tí ó bá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ṣiṣẹ́ láti 1947, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1967 pé iṣẹ́ wọn ní ìpele mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé, tí a fi ń fún igi ní ìrísí rẹ̀ lápapọ̀. Èkejì ni alétúnlé, tí a fi ń pín ìrísí ńlá náà sí kéékèèké. Ẹ̀kẹta ni dídán; fínfín ni ó sì kẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ń fín ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a kò tíì gbẹ́.

Ohun tí àáké bá ti gé kò tún lè padà sára igi. Ọ̀dà kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n máa ń tún igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn. Irú ìpinnu méjì yìí ni ó wà nínú gbogbo iṣẹ́. Ìpinnu àáké ń fẹ́ sùúrù àti ìbéèrè. Ìpinnu ọ̀dà kò yẹ kí ó gba ìpàdé kan tán. Ṣùgbọ́n a ń rí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú lórí àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n á sì ná gbogbo owó àpò wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbàyanu. Ní 2008, ó wọ ìwé àkójọ ogún aráyé ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ fi fóònù gba orin àwọn àgbà sílẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Kí ni àáké níbẹ̀, kí sì ni ọ̀dà?

Bí olórin bá ti fọwọ́ sí i, gbígba ohùn sílẹ̀ jẹ́ ọ̀dà: bí kò bá dára, a ó pa á rẹ́, a ó tún un gbà. Ẹ má ṣe fi falẹ̀, nítorí ikú kì í dúró de ìpàdé. Orin tí ó bá bá olórin wọlẹ̀ kò ní padà mọ́. Àìṣe náà ń gé bí àáké.

Ṣùgbọ́n gbígbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpinnu àáké ni. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Orin Ẹ̀fẹ̀ a máa fi ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà láti tún ìwà ṣe. Ohun tí ìlú fi rẹ́rìn-ín lóru ọjọ́ kan lè di ìtìjú ìdílé kan lójú ayé. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá Ìyáláṣẹ, obìnrin tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti àwọn olóyè rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí orin kan dúró nílé, ẹ jẹ́ kí ó dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yòówù, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé kan. Ẹ kọ ìpinnu àáké sí apá kan, ìpinnu ọ̀dà sí apá kejì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe ìpinnu náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìpinnu tí kò bá ní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀.